Bí A Ṣe Ń Tún Gírámà Gẹ̀ẹ́sì Ẹnu Wa Ṣe

Ẹni tó ń kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán lè lanu kó ní "She don't know", kó má sì fura. Kì í ṣe pé kò mọ òfin. Ẹ gbé ìwé ìdánwò síwájú rẹ̀, kíá ni yóò fi "doesn't" síbẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé láyè láti dúró, kó wẹ̀yìn, kó pa ohun tó kọ rẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò láyè yẹn: ohun tó ti mọ́ ẹnu lára ló ń kọ́kọ́ jáde. Ìdí nìyí tí kíka ìwé gírámà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kì í fi í wo àìsàn yìí. Ojú ló kàwé, ẹnu kò bá a kà.

Nítorí náà, ẹnu àti etí la máa bá ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ wá fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, ìwé kan àti gègé kan. Ó tó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀

Ẹ má ka ohunkóhun sínú fóònù o. Ẹni tó bá ń kàwé kò ní ṣe àṣìṣe tí à ń wá. Ẹ sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí ẹ bá jókòó ti ojúlùmọ̀, bí ìṣẹ́jú méjì méjì lórí nǹkan mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ṣe lánàá láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ wá sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan tí ẹ mọ̀ dáadáa: irú èèyàn tó jẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe, ohun tó fẹ́ràn, ohun tó máa ń bí i nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun kan tí ẹ̀ bá ti ṣe lọ́nà mìíràn ká ní ẹ tètè mọ̀.

Mi ò ṣàdédé yan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìtàn àná á tú àṣírí ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ kó wà ní àsìkò tó ti kọjá. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn á fi hàn bóyá "she" ń di "he" lẹ́nu yín, àti bóyá lẹ́tà "s" tó yẹ kó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe wà níbẹ̀. Ti ẹ̀kẹta yẹn ni "if" àti "would" ti máa ń dojú rú.

Ẹ má tẹ́tí sí i lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ohun tí ẹ rò pé ẹ sọ ti kúrò lọ́kàn, kí ẹ lè gbọ́ ohun tí ẹ sọ ní ti gidi. Kí ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde, láìtún un ṣe. Bí ẹ bá sọ pé "I go" níbi tó yẹ kó jẹ́ "I went", "I go" ni kí ẹ kọ. Iṣẹ́ yìí ń súni, ó sì ń tini lójú díẹ̀, torí ta ló fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ nínú fóònù? Ẹ fara dà á.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya àwọn àṣìṣe náà sọ́tọ̀

Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó bá kọ yín lóminú. Oríṣi méjì lẹ máa rí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ojú yín bá ṣe kàn wọ́n lórí ìwé lẹ ti mọ̀ pé kò tọ́. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀, ẹnu ni. Àtúnsọ léraléra ni oògùn rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ẹ máa kà títí tí kò ní jọ àṣìṣe lójú yín rárá, irú bíi "I have seen him yesterday". Ìyẹn ń fẹ́ àlàyé kó tó fẹ́ ìdánrawò. Ẹ fi ìwé náà han ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dá yín lójú, tàbí kí ẹ fi wé àwọn tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ yìí.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tí irú àṣìṣe kọ̀ọ̀kan jáde. Èyí tó pọ̀ jù la máa fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń tì yín lójú jù. Àṣìṣe tó ń tini lójú jù sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ rí, ó sì lè má jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tún ìparí ọ̀rọ̀ ṣe

Fún ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń sọ Yorùbá, ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, torí náà a máa pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Lẹ́tà "n" tí a ń kọ sí ìparí "ọkàn" tàbí "ìbọn" kàn ń sọ pé kí a rán fáwẹ̀lì mọ́ imú ni. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá wá fún wa ní ọ̀rọ̀ tó fi kọ́ńsónáǹtì parí, ohun méjì lẹnu wa máa ń ṣe: á fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn, bí "bread" ṣe di búrẹ́dì, tàbí kó gé e sọnù. Gígé yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ìparí ọ̀rọ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì kó gírámà rẹ̀ sí. "Walk" ni ti òní, "walked" ni ti àná. Ìró kan ṣoṣo ló là wọ́n. Ẹ gé ìró yẹn, ẹni tó ń gbọ́ yín á gbọ́ "I walk home yesterday", á sì gbà pé ẹ ò mọ àsìkò. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ìró ló bọ́ sọnù.

Ẹ jẹ́ ká mú "-ed" ná. Ìró mẹ́ta ló ní, kò sì sí èyí tó jẹ́ "ẹ́dì". Lẹ́yìn àwọn ìró bíi "p", "k", "s", "sh", "ch" àti "f", ìró "t" lásán ni: "stopped", "walked", "missed", "washed", "watched", "laughed". Sílébù kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn fáwẹ̀lì àti àwọn kọ́ńsónáǹtì yòókù, ìró "d" ni: "called", "opened", "lived", "played". Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ bá ti fi "t" tàbí "d" parí nìkan ni sílébù kan máa ń kún un: "wanted", "needed", "started", "decided". Ẹni tó bá pe "walked" ní "wọ́kẹ́dì" ti fi kún un ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó sì pè é ní "wọ́ọ̀kù" ti jẹ ẹ́ mọ́nu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "-s" ṣe rí: "s" nínú "works" àti "helps", "z" nínú "calls", "lives" àti "goes", "iz" nínú "washes", "watches" àti "uses". Yorùbá kò ní ìró "z", ṣùgbọ́n kí ìyẹn má kó ìdààmú bá yín. Bí ẹ bá fi "s" pe gbogbo wọn, ẹni tó ń gbọ́ yín á gbọ́ gírámà yín. Àìpè é rárá ló ń ṣeni ní jàǹbá.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti kọ́ ẹnu nìyí: ẹ wá ọ̀rọ̀ tó fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà, kí ẹ wá fa ìró tó gbẹ̀yìn lọ sórí rẹ̀. "She works at night" á wá dún bí "wọ́k-sat". "He stopped us" á dún bí "stọ́p-tọs". "I called everybody" á dún bí "kọ́l-dẹ́f". Kọ́ńsónáǹtì tó ń bẹ̀rẹ̀ sílébù kì í le fún ẹnu Yorùbá, iṣẹ́ tó ń ṣe látìgbà tí a ti bí wa ni. Ẹ kọ gbólóhùn irú èyí mẹ́wàá, kí ẹ máa sọ wọ́n sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì máa yára díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó gbìyànjú ibi tí kọ́ńsónáǹtì tẹ̀ lé e, bíi "walked back". Kí ẹ má sì da ara yín láàmú jù níbẹ̀: àwọn tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń gbé "t" yẹn mì nígbà tí wọ́n bá ń kánjú.

Ta ló wá ni "s" yìí? Àsìkò òní nìkan, fún ẹnì kan tàbí ohun kan tí kì í ṣe èmi, tí kì í ṣe ìwọ: "he knows", "she knows", "it works", "my brother knows", "the phone works". Bí wọ́n bá ti pé méjì, "s" kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe: "my brothers know". Ó máa ń jọ pé Gẹ̀ẹ́sì ń fini ṣeré, torí "s" kan náà ló ń sọ orúkọ di púpọ̀, òun náà ló ń sọ pé olùwà jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ má wá ọgbọ́n síbẹ̀. Nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, "he cometh" àti "she saith" ṣì wọ́pọ̀ nínú ìwé. Ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni "s" yìí ti tàn wá sí gúúsù, ó sì lé "th" lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ̀yọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó ru àsìkò

"Did you went?" "Does she knows him?" "I didn't saw it." Àṣìṣe kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òfin kan ṣoṣo ló sì ń tún wọn ṣe. Ẹ wo àsìkò bí ẹrù: orí kan ló ń rù ú. Bí "did" tàbí "does" bá ti wọ inú gbólóhùn, òun ni ẹrù wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e ń rìn lọ́wọ́ òfo. "Did you go?" "Does she know him?" "I didn't see it."

Òfin yìí kan náà ló ń sọ pé "she can sing" ni a ń wí, kì í ṣe "she can sings". "Can", "will", "must", "should" àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kì í gba "s", ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé wọn náà kì í gbà á.

Ní ti "she don't", ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì, nínú orin pàápàá. Gẹ̀ẹ́sì àdúgbò wọn nìyẹn, ó ní òfin tirẹ̀, kò sì sọ wọ́n di òpè. Ìṣòro ni pé àlejò tó bá lò ó níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ kò ní rí ojú àánú tí wọ́n fi ń wo ọmọ àdúgbò. Kò dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ mọ "she doesn't" sórí ẹnu ná. Ẹ ó mọ ìgbà tí ẹ lè fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Àná, òní, àti "have"

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í gba "-ed" fún àsìkò tó kọjá tó nǹkan bí 200 nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ má lọ kọ́ gbogbo wọn sórí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí ẹnu ń lò lójoojúmọ́ kò pọ̀: go, come, see, say, take, get, give, make, know, think, find, tell, eat, write, speak. Ẹ kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ máa kọ ọ́ bí orin: go, went, gone; come, came, come; see, saw, seen; take, took, taken; write, wrote, written. Èyí tó wà láàárín ń dá dúró: "I went". Èyí tó kẹ́yìn ń fẹ́ "have" tàbí "has" níwájú: "I have gone". Ẹni tó bá sọ pé "I have went" tàbí "he has came" ti mú ti àárín lọ síbi ti ìkẹyìn. "I seen it" náà jẹ́ àṣìṣe, ó sì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ni èdè.

Ibi tí Yorùbá ti ń tàn wá jẹ ni "ti". A lè sọ pé "mo ti rí i lánàá", kò sì sẹ́ni tó máa bá wa wí. A wá gbà pé "ti" ni "have", a sì sọ pé "I have seen him yesterday". Gẹ̀ẹ́sì kì í gba ìyẹn. Bí ẹ bá ti dárúkọ àkókò tó ti parí, bíi "yesterday", "last year", "in 2019" tàbí "two days ago", "have" gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀: "I saw him yesterday". Bí ẹ kò bá dárúkọ àkókò, "I have seen him" dára. Ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn ni kí àkókò ṣáájú nínú gbólóhùn nígbà tí ẹ bá ń dánra wò: "Yesterday, I saw...", "Last week, we went...". Bí àkókò bá ti jáde lẹ́nu ná, "have" kì í ríbi wọlé.

Òdìkejì rẹ̀ ni ohun tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn tí kò tíì parí. "I am here since morning" kò tọ́. "I have been here since morning" ni. "Since" ń mú ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀: since morning, since Monday, since 2019. "For" ń mú gígùn rẹ̀: for two hours, for three years. "Since three years" kò sí.

Kí a tó kúrò lórí àsìkò: a ń sọ pé "mò ń gbọ́ yín", a sì ń fi "I am hearing you" túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí kì í sábà gba "-ing", torí pé ipò ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́: know, understand, believe, want, need, own, àti "have" tó bá jẹ́ pé níní ló túmọ̀ sí. "I can hear you", "I don't understand", "I have two brothers". Ṣùgbọ́n "I'm having a good time" dára, torí gbígbádùn ni ìyẹn, kì í ṣe níní.

Ìgbésẹ̀ 6: Ta ni "ó"?

"My mother travelled. He will be back tomorrow." Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè lóye bí èèyàn ṣe máa gbàgbé pé obìnrin ni ìyá òun. A ò gbàgbé. "Ó" wa kò bìkítà fún akọ tàbí abo, ẹnu wa kò sì kọ́ bí a ṣe ń yàn kó tó là. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí ẹ máa sọ ìtàn ọkùnrin kan àti obìnrin kan pọ̀, kí ọ̀rọ̀ máa bọ́ sí ẹnu ẹni yìí, kó máa bọ́ sí ẹnu ẹni yẹn: "He told her that she should call him, but she said he was always busy." Bí ẹ bá dúró ronú kí ẹ tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ kò ní dúró mọ́.

Ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀. A kì í pe bàbá ní "ó", "wọ́n" ni, torí náà ẹlòmíràn á sọ pé "My father said they are not coming". Ẹni tó gbọ́ ọ á máa wá àwọn yòókù tó bá bàbá lọ. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi "they" bọ̀wọ̀ fúnni. Ẹ lè lò ó fún ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, bíi "Somebody left their phone here". Ìyẹn tọ̀nà, ó sì ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kẹrìnlá, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá yín jiyàn.

Ó ku "I" àti "me". Wọ́n ti bá wa wí lórí "me and Ade went" débi pé a ti bẹ̀rù "me" pátá, a wá ń sọ pé "He gave it to Ade and I", tàbí "between you and I". Ẹ̀rù ló bí àṣìṣe yìí. Ẹ yọ ẹnì kejì kúrò kí ẹ gbọ́ ohun tó kù: "He gave it to I"? Etí kọ̀ ọ́. "He gave it to me", nítorí náà, "to Ade and me". "Between you and me". Ẹ fi ọgbọ́n kan náà wo ti àkọ́kọ́: "me went" kò ṣeé gbọ́, nítorí náà, "Ade and I went".

Ìgbésẹ̀ 7: Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ibí ni àṣìṣe ti ń di èdèkòyédè. Bí ẹnì kan bá bi yín ní Yorùbá pé "ṣé ẹ ò tíì jẹun ni?", tí ẹ dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni", ó túmọ̀ sí pé òótọ́ ló sọ, ẹ ò tíì jẹun. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "Haven't you eaten?" tí ẹ fi "Yes" dá lóhùn túmọ̀ sí pé ẹ ti jẹun. "Yes" kì í gba ohun tí olùbéèrè sọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń bá lọ. Ẹ fojú inú wo dókítà tó bi aláìsàn pé "You haven't taken the tablets?", tí aláìsàn dáhùn pé "Yes". Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ má ṣe dúró sórí "yes" tàbí "no" nìkan láé. Ẹ fi ìyókù tì í lẹ́yìn: "No, I haven't." "Yes, I have." Bí ẹ bá tilẹ̀ ṣi "yes" lò, ìyókù á tún un ṣe.

"Do you mind if I sit here?" wà nínú ẹbí yìí. "Ṣé ó máa dí yín lọ́wọ́?" ló ń béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ kó jókòó ni yóò sọ pé "No, not at all".

A tún ní "àbí" tó ń bá gbogbo gbólóhùn lọ, a sì sọ "isn't it?" di àbí. "You are coming, isn't it?" "She called, isn't it?" Ìrù ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ jọ orí rẹ̀: "You are coming, aren't you?" "She called, didn't she?" "He can swim, can't he?" Ó gba ìdánrawò gan-an. Títí ẹnu yín yóò fi mọ̀ ọ́n, ẹ lè lo "right?". Ó bá gbogbo gbólóhùn lọ bíi "àbí", kò sì sẹ́ni tó máa ṣàkíyèsí rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́.

"I don't know where is he." "Can you tell me what time is it?" Èyí yani lẹ́nu, torí Yorùbá kọ́ ló fà á. Àwa kì í sọ pé "mi ò mọ níbo ló wà" tó bẹ́ẹ̀. "Mi ò mọ ibi tó wà" ló dùn létí. Ohun tó fà á ni pé olùkọ́ ti tẹnu mọ́ ọn fún wa pé ìbéèrè gbọ́dọ̀ yí "is" síwájú, a wá ń yí i níbi gbogbo. Ìbéèrè tó wà nínú gbólóhùn mìíràn kì í yí: "I don't know where he is." "Can you tell me what time it is?" Ẹ tẹ̀ lé "ibi tó wà" yín, lọ́tẹ̀ yìí, èdè abínibí ló tọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: "If" àti "would"

"Ká ní mo mọ̀, ǹ bá ti wá." Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni "If I had known, I would have come". Ẹ̀gbẹ́ "if" ni "had" ń gbé, ẹ̀gbẹ́ kejì ni "would have" ń gbé, wọn kì í pààrọ̀ ilé. "If I would have known" wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn aṣàtúnṣe ìwé ṣì máa ń pa á rẹ́. "If I know, I will come" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná rárá.

Ní ti "would of" tí àwọn èèyàn ń kọ, ẹ má dààmú nípa rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. "Would've" àti "would of" dún bákan náà. Ọwọ́ ló ń ṣe àṣìṣe yẹn.

Ìgbésẹ̀ 9: Àwọn kéékèèké

Àwọn wọ̀nyí kò gba àlàyé púpọ̀, ẹ kàn fi etí sí wọn. "Information", "advice", "furniture", "equipment", "luggage" àti "homework" kì í gba "s". Bí ẹ bá fẹ́ kà wọ́n, "a piece of advice" ni. Lẹ́yìn "one of", orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀: "one of my friends". "News" ní "s" ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni: "the news is good". "Better" ti tó, kò fẹ́ "more". "Discuss" kò fẹ́ "about", "return" kò fẹ́ "back", "repeat" kò fẹ́ "again". "Listen" àti "explain" ń fẹ́ "to": "listen to me", "explain it to me". Èèyàn máa ń jẹ́ "married to" ẹni, kì í ṣe "with". Ẹni tó fẹ́ gba nǹkan ló ń "borrow", ẹni tó ní i ló ń "lend", nítorí náà "lend me your pen". Iná kì í ṣe ohun tí a ń "off", a máa ń "turn it off" ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ jáde díẹ̀ kí ẹ padà wá, "I'm coming" máa da orí ẹni tí ẹ ń fi sílẹ̀ rú. "I'll be right back" ni kí ẹ wí.

"A" àti "an": etí ni kó pinnu, kì í ṣe lẹ́tà. "An hour", torí a kì í pe "h" rẹ̀. "A university", torí ìró "y" ló fi bẹ̀rẹ̀. Fífi "a" àti "the" sílẹ̀ pátá, bíi "I bought car", ló ń bọ́ sí etí àjèjì jù. Orúkọ ohun tó ṣeé kà, tó jẹ́ ẹyọ kan, kì í dá rìn: ó gbọ́dọ̀ ní "a", "the", "my", "this" tàbí irú wọn níwájú.

Àwọn kan sì wà tí ẹ lè fi sílẹ̀. Láti ọdún 1672 tí akéwì John Dryden ti ráhùn pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀-atọ́kùn, irú bíi "to" àti "with", gbẹ̀yìn gbólóhùn ni wọ́n ti ń fi òfin yẹn dẹ́rù bani, bẹ́ẹ̀ "Who are you talking to?" ni gbogbo ayé ń sọ. Ẹni tó bá sọ pé "To whom are you talking?" nínú ọkọ̀ yóò jọ ẹni tó ń ka ìwé ẹjọ́. "There's a lot of people" náà wà lẹ́nu àwọn tó ni èdè. Ẹ kàn rántí "there are" bí ẹ bá wà níwájú ìgbìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ 10: Bí a ṣe ń dánra wò

Ẹ mú àṣìṣe kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ ná, kódà bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń jáde lẹ́nu yín. Ẹni tó bá ń ṣọ́ nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Láàárọ̀, ẹ sọ gbólóhùn mẹ́wàá lórí ẹyọ kan yẹn sókè, nípa ayé ara yín, kì í ṣe inú ìwé. Lọ́sàn-án, ẹ wá ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lórí rédíò tàbí fídíò, kí ẹ máa tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú ìdúró àti ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe farawé ohùn rẹ̀. Gírámà rẹ̀ lẹ wá gbà.

Ẹ bẹ ẹnì kan tó sún mọ́ yín pé kó bá yín ṣọ́ àṣìṣe yẹn nìkan. Kó má dá ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu o. Kó kàn gbé ìka sókè. Bí ẹ bá rí ìka náà, ẹ tún gbólóhùn yẹn sọ bó ṣe tọ́, kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, láìsí "sorry", láìsí ẹ̀rín ìtìjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe láàárín àjèjì bí ẹ bá gbọ́ àṣìṣe ara yín: "She work... she works in a bank." Gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láyé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kà á sí.

Ẹ dín ìyára kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sáré sọ Gẹ̀ẹ́sì torí a rò pé ìyára ni ẹ̀rí pé a gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ inú eré yẹn ni "s" àti "-ed" ti ń ṣubú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún gba ohùn yín sílẹ̀ lórí nǹkan mẹ́ta kan náà. Ẹ má gbọ́ ti àtijọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ka iye ibi tó yẹ kí ẹyọ yẹn wà, kí ẹ sì ka iye ibi tó wà ní ti gidi. Bó bá wà ní ìdajì ibi tó yẹ, iṣẹ́ ti ń yọrí, ṣùgbọ́n ẹ má tíì kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní gbogbo ibi, tó jẹ́ pé ìgbà tí inú ń bí yín tàbí tí ẹ ń kánjú nìkan ló ń bọ́, ẹ padà sí ìwé yín kí ẹ mú èyí tó pọ̀ ṣìkejì.